Jákẹ́ẹ̀tì Bàbá Rẹ Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Kọ́ Ògiri

Agbolé Ajíbádé,
Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Hikmat ọmọ mi, ọmọ Mikail,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ jí, kó máa bá ọ wọkọ̀, kó máa bá ọ gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń sùn? Ṣé ò ń jẹun, àbí oúnjẹ àwọn oníbàárà nìkan lò ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Iná Èkó ò ní jó ọ, omi Èkó ò ní gbé ọ lọ, orúkọ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ò ní jábọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ ti òsì ń bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Bàbá Mọ́gàjí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó jẹ́ olórí agbolé, ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan funfun, méjì jọ òbúkọ ilé kejì, a ò sì tíì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí o rà fún mi wà lọ́wọ́ mi. Fóònù náà dára, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́. Bí mo bá fẹ́ pè ọ́, àfi kí n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè rí mi, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ti rí mi, gbogbo agbolé náà ti rí mi nìyẹn, wọ́n á máa bá mi dá ọ lóhùn. Ohùn tí o ká ránṣẹ́ sí mi nínú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, èyí tí o fi kí mi káàárọ̀, tí o béèrè bóyá mo jí dáadáa, tí o sì ní ò ń sáré lọ síbi iṣẹ́, àràárọ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń dá ọ lóhùn pé mo jí dáadáa, pé kí o rọra sáré. Ohun kan tí mo fi ń bá ọ wí ni pé o kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí mo bá ṣe ń dé orí ọ̀rọ̀ orúnkún báyìí ni wàá ní ò ń sáré lọ síbi iṣẹ́. N kò bínú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ó kàn ti tó ọdún méjì tí o ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́ yẹn, tí o ò tíì sáré padà.

Fídíò ilé oúnjẹ yín dé ọwọ́ mi. Mo pe Màmá Evelyn wá láti Kúdẹtì, àwọn tí wọ́n fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà, pé kí wọ́n wá bá mi wò ó nítorí ojú wọn ti mọ nǹkan òyìnbó. A rí gìtá mẹ́tàdínlógún lára ògiri. A rí ìlù òyìnbó rẹpẹtẹ tí ẹnì kankan ò jókòó sídìí rẹ̀. A rí awò ojú dúdú nínú àpótí onígíláàsì, a rí fìlà, a rí bàtà gogoro, ẹsẹ̀ kan péré. Mo bi Màmá Evelyn bóyá ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ẹni tó ni bàtà náà, wọ́n ní àwọn ò rò bẹ́ẹ̀. Mo wá rò ó pé ṣe ni àwọn èèyàn wá jẹun, tí wọ́n gbàgbé ẹrù wọn sílẹ̀, inú mi ò sì dùn sí ọ̀gá rẹ. Bí èèyàn bá gbàgbé nǹkan sọ́dọ̀ ẹni, kì í ṣe ká wá gbé e kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o mọ́. Ní Ìbàdàn níbí, ilé rédíò là ń gbé e lọ kí wọ́n kéde rẹ̀. Mo ti ń wá bírò tí n óò fi kọ ìkéde náà kí Màmá Evelyn tó gbọ́ ohun tí ẹni inú fídíò ń sọ dáadáa. Wọ́n ní òkú ló ni ọ̀pọ̀ nínú ẹrù náà. Wọ́n ní olórin rọ́ọ̀kì ni wọ́n nígbà ayé wọn, pé àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá kí wọ́n lè jókòó sábẹ́ aṣọ òkú jẹ ìrẹsì.

Ọmọ mi, ọkàn mi bàjẹ́. Kì í ṣe nítorí ìrẹsì o. Mo ní irú ẹbí wo ni èyí tí kò pín ogún? Nínú gbogbo òkú yìí, kò sẹ́ni tó bí ọmọ? Kò sẹ́ni tó ní àbúrò tí bàtà náà lè bá lẹ́sẹ̀ mu? Mo ṣe àdúà kọ̀ọ̀kan fún gìtá kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàdínlógún, mo ṣe ọ̀kan fún bàtà. Màmá Evelyn náà gbàdúrà tiwọn lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó má baà sí èyí tó máa bọ́ sáàárín.

Nígbà náà ni mo wá gbọ́ ohun tí o fi parí fídíò. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ ya ògiri kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kọ orin rọ́ọ̀kì láyé àwọn ológun, pé Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí i. O ní o ti sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló ń ta gìtá oníná nínú ẹgbẹ́ Mànàmáná, pé jákẹ́ẹ̀tì awọ tí wọ́n máa ń wọ̀ nígbà náà ṣì wà, pé kí n fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́, òógùn ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ òógùn yẹn ni omi lé sí mi lójú. N kò mọ̀ pé àárò bàbá rẹ ń sọ àwọn ará Èkó náà tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ wàhálà wà nínú rẹ̀, wàhálà náà ló sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé jákẹ́ẹ̀tì náà wà. O rí i lọ́wọ́ mi nígbà tí o wá kẹ́yìn, o bá mi níbi tí mo ti ki orí bọ inú rẹ̀, mo sì sọ fún ọ pé ibi tó tú ni mò ń wá kí n lè rán an. Kò sí ibi tó tú.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá rẹ, tí ẹbí tẹ́ ẹní tí wọ́n ní kí a kó gbogbo aṣọ wọn jáde kí wọ́n pín in, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, agbádá, dàńṣíkí, títí dé singílẹ́ẹ̀tì tó ti lu. Mo fi jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ sábẹ́ àpò gààrí. Karimat, ìyàwó tí bàbá rẹ fẹ́ lé mi, ló wo orí ẹní náà títí tó sì béèrè pé jákẹ́ẹ̀tì awọ ńkọ́. Mo ní eku ti jẹ ẹ́. Bàbá Mọ́gàjí káàánú mi, wọ́n ra pàkúté fún mi. Hikmat, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń dẹ pàkúté fún eku tí n kò ní. Ó máa ń mú eku o, mo sì máa ń gbé e jáde kí gbogbo agbolé lè rí i pé lóòótọ́ ni. Bàbá Mọ́gàjí á bú eku náà, wọ́n á ní ìyẹn tán nínú ọmọ olè tó jẹ aṣọ àbúrò àwọn. Wọ́n ti ra pàkúté mẹ́ta.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí n fi dáhùn ìbéèrè nípa jákẹ́ẹ̀tì náà ló wá tú mi fó. Màmá Evelyn jókòó, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n ń kà á ní òyìnbó, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, èmi náà ń sọ, wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ọmọlúàbí, kò sí ohun tí kò béèrè. Ó béèrè pé ta ló rán jákẹ́ẹ̀tì náà. Màmá Evelyn ní ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kan ni wọ́n ń retí, ohun tí bàbá rẹ náà sì máa ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn. Àmọ́ n kò lè purọ́ fún ìwé tó ní òǹtẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ Málàmù tó ń rán gàárì ẹṣin ní Sábó, pé awọ tó ṣẹ́kù lára gàárì mẹ́ta ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ẹṣin fi máa ń yíjú wo bàbá rẹ lọ́jọ́ Iléyá.

Ó tún béèrè pé báwo ló ṣe dé ọwọ́ mi. Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, nítorí láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Mo ní iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń kọ́ ní Bẹẹrẹ, ọmọ ogún ọdún ni mí, ni ọmọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ pọ̀ bí igbó gbé jákẹ́ẹ̀tì wọlé pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ya níbi tí gìtá ti ń ha á. Awọ náà ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́ ọ̀gá mi lọ́wọ́, ọ̀gá mi jù ú sí mi. Ọmọkùnrin náà wá lọ́jọ́ kejì láti wo ibi tí mo dé, ó wá lọ́jọ́ kẹta, ó wá lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó ní òun ò tíì fẹ́ gbà á. Mo ní kí Màmá Evelyn kọ ọ́ pé bí jákẹ́ẹ̀tì ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn, ẹni tó ni ín ló tẹ̀lé e wá. Wọ́n ní àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ju ìlà kan lọ. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ yí etí ìwé ká.

Ó béèrè ohun tó wà lára rẹ̀, àbàwọ́n, ibi tó ya, òórùn. Mo ní òróró orí wà ní ọrùn rẹ̀. Mo ní òórùn lẹ́ẹ̀dì tí bàbá rẹ fi ń jó wáyà rédíò wà nínú rẹ̀, láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Mànàmáná ti tú ká tí wọ́n sọ ara wọn di alátùn-únṣe rédíò ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ọyẹ́ bá mú. Mo ní òórùn ẹṣin wà níbẹ̀ tí Málàmù ò rí yọ. Mo ní òórùn kan tún wà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Màmá Evelyn gbé bírò dúró, wọ́n ní kí àwọn fi àyè ìyẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

Ìbéèrè kẹsàn-án ló gbé mi dè. Ó ní ṣé ẹlòmíràn wà tó lè sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan yìí, bí ó bá wà, kí ó wá fọwọ́ síwèé. Màmá Evelyn kà á tán, wọ́n wò mí. Ọmọ mi, èèyàn lè fi ẹnu pa irọ́ eku. N kò lè fi bírò pa á.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé jákẹ́ẹ̀tì lé apá, mo rìn gba àárín agbolé kọjá lójú gbogbo èèyàn, mo tẹ́ ẹ síwájú Bàbá Mọ́gàjí ní pálọ̀ wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n bi mí pé ṣé èyí tí eku jẹ nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní eku náà mà mọ ìwà hù o, ó jẹ aṣọ, ó tún pọ̀ ọ́ jáde pẹ̀lú síìpù. Wọ́n ní kí n kó pàkúté mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá fún àwọn nítorí ẹni tó yẹ kó mú ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Àwọn ìyàwó ilé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Karimat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti òpó, ó ń wo jákẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Mọ́gàjí wá ní òfin ò kú. Wọ́n ní ogún tí a kò pín, a ṣì máa pín in, bó pẹ́ bó yá, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan á sì gba tirẹ̀. Ìyàwó méjì ni Mikail ní, ìdí-igi méjì nìyẹn, jákẹ́ẹ̀tì náà sì ní apá méjì, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ti bá wa pín in. Wọ́n ránṣẹ́ pe Oyèdélé télọ̀ láti òdìkejì títì. Ó dé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ àga, ó fi téèpù wọn ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín gbùngbùn. Ó ní ti ẹ̀yìn rọrùn, àmọ́ kí àwọn àgbà gba òun nímọ̀ràn lórí síìpù, nítorí eyín síìpù wà lápá méjèèjì ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni orí rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ dórí síìpù, ó di ìjà. Abdulmumin ọmọ Karimat ní òun nìkan ni ọmọkùnrin, òun lòun á gba orí síìpù. Ẹnì kan ní ìwọ Hikmat lo dàgbà jù. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gé orí síìpù náà sí méjì. Oyèdélé ní kò sí sísọ́ọ̀sì tó lè ṣe ìyẹn, àfi kí wọ́n pe alágbẹ̀dẹ. Èmi jókòó, mo ń wo ìlà ṣọ́ọ̀kì náà bó ṣe gba ibi tí mo máa ń gbé orí lé kọjá.

Nígbà tí Oyèdélé ṣí ẹnu sísọ́ọ̀sì ni Karimat ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun kọ́kọ́ gbé e dání. Wọ́n gbé e fún un. Ó ki ojú bọ inú rẹ̀. A dúró kó yọ ojú, kò yọ ọ́. Ó pẹ́ débi pé Oyèdélé wá àga fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó wá gbé ojú sókè, èmi ló wò, kò wo Bàbá Mọ́gàjí. Ó ní, ìyáálé mi, ẹ̀yin rí wọn nígbà tí wọ́n ń kọrin tí ìlú ń hó, ẹgbẹ́ ti tú ká kí èmi tó délé yìí, ohun tí èmi mọ̀ kò ju òórùn yìí lọ, láàárọ̀ ọyẹ́ tí wọ́n bá ń bá mi gbé igbá aṣọ dé ọjà Òjé. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kú, òun máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn tẹ́lẹ̀ ní Bẹẹrẹ, níbi tí ọmọ kan ti ń ta ṣájà fóònù báyìí, òun á ṣe bí ẹni tó fẹ́ ná ṣájà, nítorí òórùn lẹ́ẹ̀dì ò tíì kúrò lára pákó ibẹ̀. Ó ní nígbà tí ojú bá ti òun, òun á rà á. Ó ti ra ṣájà mẹ́rin, Hikmat. Kò sí èyí tó bá fóònù rẹ̀ mu.

Ọmọ mi, mo rò pé èmi nìkan ni àárò bàbá rẹ ń sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó lé e bí adìyẹ, tí obìnrin kan sì wà lẹ́yìn ògiri mi tó ń ra ṣájà kiri.

Mo dìde, orúnkún mi ò tilẹ̀ rántí dùn mí. Mo ní kí Oyèdélé pa sísọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Bàbá Mọ́gàjí ní báwo la ṣe fẹ́ pín in nígbà náà. Mo ní nígbà tí ẹni tó ni ín wà láàyè, àwa méjì yìí náà la pín in, a ò sì gé e. Ọjọ́ méjì ló ń lò lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ Karimat, ó ń gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sábẹ́ apá lọ, ó ń gbé e bọ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì wà lára rẹ̀ títí Ọlọ́run fi gbà á. Mo ní kí jákẹ́ẹ̀tì máa ṣe bí olúwa rẹ̀ ti ń ṣe. Bàbá Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ fìlà, wọ́n fi nu ojú, wọ́n ní eruku pọ̀ nínú pálọ̀ àwọn. Oyèdélé ní òun á gba owó wíwọ̀n. Wọ́n fún un ní pàkúté kan.

Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ méjì. Ìrọ̀lẹ́ tí yóò bá kúrò lọ́dọ̀ mi, n óò gbá yàrá, n óò nu eruku kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ n kì í nu ìlà ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ń lọ fúnra rẹ̀. Bí Karimat bá wá gbà á, ó máa ń jókòó díẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, a ò jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà rí àfi báyìí. Ó sọ fún mi pé bàbá rẹ máa ń fi ẹnu ta gìtá nílé ìwẹ̀ bí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n rí. Èmi náà sọ fún un nípa ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Mànàmáná ṣeré ní gbọ̀ngàn Mápó, tí iná lọ láàárín orin, tí gìtá oníná ò dún mọ́, tí bàbá rẹ ò sì dúró, wọ́n ń ta á lọ nínú òkùnkùn, tí gbogbo èèyàn pa rọ́rọ́, tí a wá ń gbọ́ okùn gìtá lásán bí ẹni ń rọra sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n tún sọ ọ́ bí ó bá tún dé.

A ò gbàgbé ọ̀rọ̀ Èkó o. Ẹbí jókòó lé e lórí. Bàbá Mọ́gàjí ní obìnrin ò lè wá láti òkèèrè kó gbé ọkọ ilé lọ pátápátá, àmọ́ bí àwọn ìyàwó ilé bá fọwọ́ sí i, ó lè wọlé bá wọn. Èmi àti Karimat fọwọ́ sí i. Nítorí náà ilé oúnjẹ yín ni ìyàwó kẹta, kí o bá mi kí ọ̀gá rẹ kú oríire. Ọjọ́ tiyín ni láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ Àìkú. A kì í fi ọkọ rán dírẹ́bà. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá wá mú un, wàá sùn níbí ní Alámìsì kí o lè tètè mú un lọ ní Jímọ̀, ìwọ náà ni wàá dá a padà ní ọjọ́ Àìkú kí a tó kírun Màgàríbì, wàá sì sùn nítorí ọ̀nà ò dára lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn lóṣooṣù. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yìí o, Bàbá Mọ́gàjí ni. Èmi kàn bá wọn rántí Alámìsì ni.

Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbé e sínú àpótí onígíláàsì, bàbá rẹ ò fẹ́ràn ooru. Ẹ má gbé e sítòsí ibi tí wọ́n ti ń dín ẹran, bí òórùn ẹran bá lé òórùn rẹ̀ lọ, Karimat á bi mí, n kò sì lè ní eku ló jẹ òórùn. Kí o fi í han àwọn olórin yòókù kí ẹ tó gbé e kọ́ sáàárín wọn. Bí oníbàárà kan bá fẹ́ ki ojú bọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó nu ẹnu ná. Bí ọ̀gá rẹ bá béèrè ohun tí àwọn máa fi sára ògiri láwọn ọjọ́ tí kì í ṣe tiyín, sọ fún un pé kó fi ìṣó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Mikail Ajíbádé ti lọ sílé lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀ ní Ìbàdàn, pé ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tí àárò rẹ̀ bá ń sọ, kó dúró dè é. Àwa náà ń dúró.

Fọ́ọ̀mù wà nínú lẹ́tà yìí. Ní ìbéèrè kẹsàn-án, Karimat ti tẹ̀ka, èmi náà fọwọ́ sí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọjọ́ tí ẹ máa fi yá a lò, Màmá Evelyn kọ ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, títí ayé.

Ohun tó kù ni owó. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó páànù mẹ́fà ránṣẹ́. Kì í ṣe orí yàrá tèmi o, tèmi ò jò. Orí yàrá Karimat ló ń jò, apá ibi tí ìṣó rẹ̀ wà gan-an, òjò sì ti ń ṣú. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà padà wá fún mi láàárín ọjọ́ tirẹ̀ kó má baà tutù, ó sì padà lọ jókòó sábẹ́ òjò náà. N kò lè gbé ìyẹn lọ́kàn. Tún bá mi ra hángà kan tó fẹ̀ léjìká, kì í ṣe oníwáyà, bàbá rẹ ò ní èjìká wáyà.

Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Bó o bá ń jáde, wàá bá ire pàdé, bó o bá ń wọlé, ire á ti jókòó dè ọ́. Ẹni tí yóò fẹ́ ọ, tí yóò sì máa bá ọ wá sílé, Ọlọ́run á fi ojú rẹ̀ hàn ọ́. Èèyàn ò ní gbàgbé rẹ síbi kankan. Ìbàdàn ò ní jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ. Àmín, àmín.

Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú mi, àmọ́ Karimat ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti fọ ọwọ́ méjèèjì, ó ti da ìborùn mọ́ èjìká. Ọjọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi dá a dúró, n kò lè tún wá fi lẹ́tà dá a dúró.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdí, ìyáálé ilé Mikail.